Oko Kòkó Tí Wọ́n Dá Sí fún Ẹyẹ

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gbé bàbá mi kúrò nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ-ọmọ ni wọ́n sọ fún gbogbo ará àdúgbò pé àwọn ń lọ wò. Oṣù Kejì ọdún 2018 ni. Trinidad, erékùṣù kan ní òkun Caribbean, ni èmi àti ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta tí Bàbá dé, lẹ́yìn tí ọmọ ti sùn, wọ́n tú ohun tó wà nínú wọn sílẹ̀.

Oko kòkó tí bàbá wọn gbìn sí aba wa lẹ́yìn Ìdànrè, éékà méjìlá, ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Apá tó kángun sí odò, bí éékà mẹ́rin, ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kòkó ibẹ̀ ti gbó, ìjẹrà ń ba èso rẹ̀ jẹ́ lọ́dọọdún, owó oògùn tí wọ́n fi ń fín in ju owó tó ń wọlé lọ, àwọn agbàro kò sì fẹ́ dé ibẹ̀ mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni ti fi àdá kàn án. Oníṣòwò pákó kan wá wo àwọn igi tó wà nínú rẹ̀, ó dá owó lé gbogbo oko náà, àwọn àbúrò Bàbá sì ti gbà. Bàbá nìkan ló kù tí kò tíì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ọmọ àwọn ná.

“Ojú ń tì mí,” ni wọ́n wí. “Oko bàbá mi di igbó lójú mi.”

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe wúwo tó. Oko tó di igbó ni oko ọ̀lẹ, tàbí oko ẹni tó kú tí kò ní àrólé. Bàbá mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni ọdún 73 ni wọ́n, orúnkún wọn ti ń dùn wọ́n, àwa ọmọ márààrún sì ti tú ká sí ìlú ńlá àti òkè òkun. Mo mọ̀ pé ìtìjú yẹn kàn mí pẹ̀lú.

Mo wá sọ fún wọn pé ibì kan wà lókè ìlú Arima tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí oko kòkó di igbó, tí àwọn ènìyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá sanwó láti wọ inú rẹ̀. Bàbá wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ibà ń mú sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, wọ́n ní, “Mú mi lọ síbẹ̀.”

Asa Wright Nature Centre ni ibi tí mo ń sọ. Orúkọ tí ilẹ̀ náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni Spring Hill Estate, oko kòkó, kọfí àti ọsàn, nínú àfonífojì Arima, láàárín àwọn òkè ìhà àríwá erékùṣù náà tí wọ́n ń pè ní Northern Range. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀, nítorí ìtàn yẹn ló jẹ́ kí Bàbá jókòó dáadáa nígbà tí mo ń sọ ọ́ fún wọn.

Láti nǹkan bí ọdún 1870 títí di 1920, kòkó gba àwọn òkè yẹn kan, ó sì borí ìrèké nínú ohun tí Trinidad ń tà sókè òkun. Àwọn tó ṣán igbó náà kò gbìn ín fún ara wọn. Olóko á gbé igbó lé ẹnì kan lọ́wọ́. Onítọ̀hún á ṣán an, á gbin kòkó, á sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oúnjẹ tirẹ̀ sáàárín rẹ̀. Tí ó bá tó bí ọdún márùn-ún tí igi ń so, olóko á ka igi, á san owó igi kọ̀ọ̀kan, á gba oko rẹ̀. Bàbá bèèrè pé, “Kí ẹni yẹn wá lọ bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mi orí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ti Venezuela wá. Àwọn Yorùbá náà wà ní erékùṣù yẹn: lẹ́yìn tí oko ẹrú parí níbẹ̀ ní 1838, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi olówò ẹrú wá láti Sierra Leone àti St. Helena, àwọn ènìyàn wa sì pọ̀ nínú wọn. Yaraba ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀.

Nígbà tó yá, owó kòkó já wálẹ̀. Ní 1928 àrùn kan tún wọlé. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ túmọ̀ sí ìgbálẹ̀ àjẹ́: ẹ̀ka kòkó á hu ewé wúruwùru sójú kan, á gbẹ, á wá dà bí ọwọ̀ tí ènìyàn fi kọ́ igi. Ọlọ́run ló yọ wá, kò tíì dé ìhà ọ̀dọ̀ wa. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ F. J. Pound lọ sínú àwọn igbó odò Amazon ní àwọn ọdún 1930 láti wá kòkó tó lè dojú kọ àrùn yìí, ó sì kó irúgbìn bọ̀ wá sí Trinidad. Ní 1944 wọ́n mú lára irúgbìn náà lọ sí Tafo ní Ghana. Láti ibẹ̀ ni ìran rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa, òun sì ni àwọn àgbẹ̀ wa ń pè ní F3 Amazon.

“F3?” Bàbá gbé ife tíì wọn sílẹ̀. “F3 tèmi yẹn?”

Wọ́n ti gbin F3 láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Èmi gan-an ru irúgbìn rẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú láti ẹ̀yìnkùlé lọ sí oko. Bàbá ò mọ̀ rárá pé Trinidad ló gbà kọjá kó tó dé Ìdànrè. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìrìn àjò náà ti di tiwọn.

Nípa ilẹ̀ Spring Hill fúnra rẹ̀: ní àwọn ọdún 1940, amòfin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Henry Newcome Wright, àti ìyàwó rẹ̀ Asa, ọmọ ilẹ̀ Iceland, rà á. Ní 1949 William Beebe, onímọ̀ ẹranko láti Amẹ́ríkà, ra ilé kan tó ń jẹ́ Simla ní àfonífojì kan náà, ó sọ ọ́ di ibùdó ìwádìí. Àwọn onímọ̀ ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá, wọ́n sì ń wọ̀ sílé àwọn Wright. Ọkọ ṣaláìsí, ìyàwó ń dàgbà, ìbẹ̀rù sì wà pé ẹni tó bá ra ilẹ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀ lè gé gbogbo igi ibẹ̀. Ní 1967 àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí Don Eckelberry tó máa ń ya àwòrán ẹyẹ wà lára àwọn tó ṣáájú wọn, kó owó jọ, wọ́n ra ilẹ̀ náà, wọ́n sì fi í sábẹ́ àjọ olùtọ́jú kan tí kì í ṣe ti ìjọba, tí kò sì ń pín èrè fún ẹnikẹ́ni. Asa Wright kú ní 1971. Simla pẹ̀lú di ti àjọ náà ní 1974. Wọ́n ń ra ilẹ̀ àyíká kún un díẹ̀díẹ̀, ó sì ti lé ní éékà 1,000.

Ìrìn wa àkọ́kọ́ kò dára, ẹ̀bi mi sì ni. Ọjọ́ Àìkú ni mo mú wọn lọ, láìpe ẹnikẹ́ni lórí fóònù ṣáájú. Mo háyà ọkọ̀ tó máa gbé wa lọ gbé wa bọ̀. Ọ̀nà tó gòkè láti Arima lọ sí Blanchisseuse tóóró, ó lọ́ bí ìfun, ọkọ̀ méjì kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ara wọn kọjá ní àwọn ibì kan, Bàbá sì di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú ṣinṣin jálẹ̀. Ọ̀sán gangan la dé. Ẹyẹ tó fẹ́ kọrin ti kọ tirẹ̀ tán láàárọ̀. Wọ́n wá sọ fún wa pé ihò àwọn ẹyẹ òru tí mo ti ròyìn fún Bàbá, àwọn àlejò tó bá sùn lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ń mú débẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ kí ẹyẹ má bàa sá. Awakọ̀ wa tó ṣèlérí pé òun á dúró dè wá di aago mẹ́rin sì ti gba owó rẹ̀ lọ. Tọkọtaya kan láti Port of Spain ló ṣàánú wa, wọ́n gbé wa sọ̀ kalẹ̀ sí Arima.

Síbẹ̀, wákàtí méjì tí a fi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ náà tó láti mú Bàbá padà wá. Igi ni ilé náà, wọ́n kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì kọjú sí gbogbo àfonífojì náà. Wọ́n so ike omi ṣúgà kọ́ káàkiri, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹyẹ kékeré tí à ń pè ní hummingbird ti ń mu. A ò ní irú wọn nílẹ̀ wa. Ẹyẹ náà ò ju àtàǹpàkò lọ, ìyẹ́ rẹ̀ ń kùn bí oyin, ó sì ń dúró lójú òfuurufú láìba lé ohunkóhun. Bàbá na ìka wọn sí ẹ̀gbẹ́ ike, ọ̀kan wá, ó dúró níwájú ìka náà bí ẹni ń kà á, ó lọ. Nísàlẹ̀, ẹran kan tó jọ òyà, agouti ni wọ́n ń pè é, ń jẹ èso tó já sílẹ̀. Bàbá ti dẹ ìgbẹ́ rí nígbà ọ̀dọ́. Wọ́n dìde, wọ́n sún mọ́ ọn, ẹran náà ò sá. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ wọn lẹ́yìn.

“Èmi ò rí i rí,” ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n padà, “kí ẹran wo ojú mi kó má sá.”

Nígbà kejì, mo pè, mo sanwó alẹ́ mẹ́ta, mo sì fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ mi àti ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí irú ibẹ̀, kó ṣe bẹ́ẹ̀. Kó dé ní ọ̀sán, kó sùn, kó sì ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́. Kó wọ bàtà tó dì mọ́ ilẹ̀, nítorí ewé tútù máa ń yọ̀ lórí àwọn àtẹ̀gùn amọ̀ náà. Owó náà kò kéré, ṣùgbọ́n owó yẹn ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ igbó nígbà náà.

Ọmọkùnrin Arima kan ló jẹ́ afinimọ̀nà wa, kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé àgbẹ̀ kòkó láti Nàìjíríà ni bàbá mi, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní ọmọ Òrìṣà ni ìyá òun àgbà, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tí Yorùbá gbé dé erékùṣù náà, àti pé tí ìyá náà bá fẹ́ já ewé nínú igbó, ó máa ń kọ́kọ́ bá Osain sọ̀rọ̀. Bí ó ti pe orúkọ náà dùn mọ́ mi létí: kò ní àmì ohùn tiwa, àmọ́ òun náà ni. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni bàbá mi, wọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ òrìṣà. Wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tún ọmọ ṣe: “Ọ̀sanyìn.” Ọmọkùnrin náà tún un pè lẹ́ẹ̀mẹta títí ó fi bọ́ sí i lẹ́nu.

Ohun àkọ́kọ́ tó fi hàn wá ni àwọn igi gíga kan tó ta yọ lórí gbogbo igbó, tí òdòdó wọn pọ́n bí iná ààrò. Immortelle ni. Àwọn olóko ló gbìn wọ́n láti ṣíji bo kòkó. Ìyá kòkó ni àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì ń pè wọ́n. Oṣù Kíní sí oṣù Kejì ni wọ́n máa ń tanná, nítorí náà, ẹni tó bá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lákòókò yẹn lè fi ojú tẹ̀ lé ibi tí oko dé láyé àtijọ́. Ó ṣàlàyé pé òjìji yìí gan-an ló jẹ́ kí igbó tètè padà. Ilẹ̀ oko kòkó kì í wà lásán bí ti ìrèké. Igi ńlá wà lórí rẹ̀, ewé ń jẹrà sí i, ẹyẹ àti àdán ń ba lé e, wọ́n ń ju kóró sílẹ̀. Bàbá ò dúró kó parí ọ̀rọ̀ kó tó máa dáhùn. Wọ́n ní ìrókò àti àràbà ni bàbá tiwọn dá sí nínú oko fún òjìji kan náà, àwọn gan-an sì ni oníṣòwò pákó ń wò.

Ọ̀rọ̀ “dá sí” yẹn dúró sí mi lọ́kàn. Ẹnu Bàbá ló ti jáde, wọn ò sì mọ̀ pé àwọn sọ nǹkan kan.

A wọ abẹ́ igbó. Kòkó ṣì wà níbẹ̀. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó ń nà wá ìmọ́lẹ̀, èéhù àti ewé àfòmọ́ gba ara rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n èso ṣì so mọ́ ara igi. Bàbá lọ sídìí ọ̀kan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu èéhù orí èso náà kúrò, wọ́n fi ìka méjì kàn án kó kó bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé láti mọ̀ bóyá ó ti gbó. Wọn ò já a. Wọ́n ti sọ fún wa lẹ́nu ọ̀nà pé a kì í já ohunkóhun. Èso kan wà nílẹ̀ tí ọ̀kẹ́rẹ́ ti dá ihò sí, tó ti fa kóró inú rẹ̀ jáde. Afinimọ̀nà gbé e lé Bàbá lọ́wọ́. Wọ́n yí i síwá-sẹ́yìn, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. “Ọ̀kẹ́rẹ́ tiwa náà, bó ṣe ń dá a nìyí,” ni wọ́n wí, ohùn wọn sì yí padà díẹ̀. Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí wọn ò ti wọ apá odò oko tiwọn.

Mo lè kọ ojú ìwé mẹ́wàá lórí àwọn ẹyẹ àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n méjì ni màá mú. Ọ̀kan ń dún lókè igi bí ẹni fi ọmọ owú lu irin, bọ́ọ̀kì, bọ́ọ̀kì, ohùn náà sì ń gba òkè dé òkè. Bellbird ni wọ́n ń pè é, irùngbọ̀n dúdú ṣóóṣòòṣó wà lábẹ́ ọ̀fun akọ rẹ̀. Èkejì ni manakin, ẹyẹ kékeré dúdú òun funfun tó ń ṣa gbogbo ewé ilẹ̀ kúrò títí tí ojú kan á fi mọ́ tónítóní, níwọ̀n bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Agbo ijó rẹ̀ nìyẹn. Akọ á máa fò láti ọ̀pá igi kan sí èkejì, ìyẹ́ rẹ̀ á máa ta pàà bí ìgbà tí ènìyàn ta ìka, kí abo lè wá yàn. A dúró wò ó títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá.

Ọjọ́ kejì la lọ síbi àwọn ẹyẹ òru. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́. Mo ti sọ fún Bàbá pé ẹyẹ náà ń gbé inú òkùnkùn ihò àpáta, pé ó ń jáde lóru nìkan, pé igbe rẹ̀ burú débi pé èṣù kékeré ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní èdè Faransé tiwọn, diablotin. N kò ronú sí ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa jẹ́ létí àgbàlagbà Yorùbá. Ẹyẹ òru! Ní ẹnu ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì náà, Bàbá dúró. Wọ́n ní kí a máa lọ, àwọn á dúró dè wá. N kò bá wọn jiyàn. Afinimọ̀nà ló jókòó tì wọ́n lórí òkúta, ó ń sọ ohun tí ẹyẹ náà ń jẹ fún wọn. Ó ní kì í jẹ ẹran, kì í jẹ kòkòrò, èso ọ̀pẹ àti èso igi olóòórùn dídùn nìkan ló ń jẹ. Ó ń gbé e mì, ó ń jẹ ẹran ara rẹ̀, ó sì ń pọ kóró rẹ̀ jáde ní odindi. Nítorí epo inú oúnjẹ yìí, ọmọ rẹ̀ máa ń sanra nínú ìtẹ́ títí á fi wúwo ju ìyá àti bàbá rẹ̀ lọ. Nígbà àtijọ́, àwọn ènìyàn ń kó àwọn ọmọ náà, wọ́n ń yọ epo lára wọn láti fi dáná àti láti fi tanná fìtílà.

“Ẹyẹ elépo,” ni Bàbá wí.

“Kí ni Bàbá sọ?” Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ tí àwọn ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì gan-an nìyẹn. Bàbá di ọ̀pá wọn mú, wọ́n dìde.

Dunston Cave ni wọ́n ń pè ibẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo jíjìn láàárín àpáta méjì ló jẹ́ ju ihò lọ, odò kékeré ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ò ju kókósẹ̀ lọ. Afinimọ̀nà mú wa wọlé ní méjì-méjì, ó ní a ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sókè, a ò sì gbọdọ̀ tan iná kámẹ́rà. Igbe náà kọ́kọ́ bá wa: ó ń ha bí ìgbà tí aṣọ líle ń fà ya, ó ń bú, ìró wẹ́wẹ́ ta-ta-ta sì wà nínú rẹ̀. Ìró wẹ́wẹ́ yẹn ni ẹyẹ náà fi ń ríran nínú òkùnkùn. Ó ń ta á, ìró á kan àpáta á padà sí etí rẹ̀. Donald Griffin, ọmọ Amẹ́ríkà, ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Venezuela ní 1953. Bàbá di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọn ò jù ú sílẹ̀.

Afinimọ̀nà gbé tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sókè díẹ̀. Wọ́n tò sórí àpáta bí adìẹ lórí ọ̀pá, àwọ̀ wọn bí ewé obì gbígbẹ tí wọ́n ta ẹ̀kán funfun sí lára, ojú wọn ń dán pupa. Lẹ́yìn náà ó gbé iná wálẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ ló mú Bàbá jù. Kóró èso kún ibẹ̀, òkìtì lórí òkìtì, èyí tí àwọn ẹyẹ náà ti pọ̀ sílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Àwọn kan ti hù nínú òkùnkùn. Ewé wọn funfun bí òkú, wọ́n gùn, wọ́n tín-ín-rín, wọn ò sì ní dàgbà, nítorí oòrùn ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún dídùn wọn, wọ́n fi ojú sún mọ́ ọn, wọn ò fọwọ́ kàn án.

“Èyí tí wọ́n bá pọ̀ síta ńkọ́?” Ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má là.

Afinimọ̀nà ní, “Èyí ló gbin igbó tí ẹ rí lókè yẹn, Bàbá.” Ó pè é ní Bàbá.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn Bàbá kò tètè sùn. Wọ́n pe afinimọ̀nà, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè àgbẹ̀ sí àgbẹ̀, èmi ń túmọ̀. Ta ló ń ṣọ́ ààlà? Kí ni wọ́n ń ṣe sí ọdẹ tó bá wọlé lóru? Tí iná bá ràn wá láti oko ẹlòmíràn ńkọ́? Igi tó bá wó dínà, ta ló ń gé e? Ọmọkùnrin náà dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: àwọn kan ń rìn ààlà, àwọn kan ń tún ojú ọ̀nà ṣe láràárọ̀ kí àlejò tó jí, àwọn kan ń bá àwọn ọdẹ abúlé sọ̀rọ̀. Bàbá ní, “Igbó yìí ní agbàro.” Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an wà lára wọn.

Mo wá sọ èrò mi fún wọn nígbà tó ku àwa méjì. Mo ní àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì fún ilẹ̀ tí a kò ro. A lè pa á tì, a sì lè dá a sí. Ẹni tó pa oko tì ti kẹ̀yìn sí i. Ẹni tó dá a sí ṣì ń lọ wò ó, ó mọ ààlà rẹ̀, ó sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni ìdí tó fi fi í sílẹ̀. Mo sọ fún wọn nípa IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ọdún kan náà pẹ̀lú ibi tí a jókòó sí yìí. Nǹkan bí 350 hẹ́kítà ilẹ̀ ibẹ̀, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ oko àwọn ènìyàn tẹ́lẹ̀, ni wọ́n dá sí tó padà di igbó, irú ẹ̀gà kan tó ṣọ̀wọ́n gan-an láyé sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi Ìbàdàn sọ lórúkọ, Ibadan malimbe. Mo ní ojú ò yẹ kó ti bàbá mi. Bàbá ò dá mi lóhùn. Wọ́n ń wo àfonífojì náà, níbi tí kò sí iná kankan.

Oṣù Kẹrin ni wọ́n padà sílé. Wọ́n pe àwọn àbúrò wọn jọ ní aba. Ohun tí mo gbọ́ nípa ìpàdé náà ò dùn ní gbogbo rẹ̀: àbúrò wọn kan dìde kúrò níbẹ̀, títí di òní kò sì tíì dárí jì wọ́n tán, nítorí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí yunifásítì, ó sì nílò owó. Mi ò lè sọ pé kò lẹ́tọ̀ọ́. Níkẹyìn, wọ́n gbà kí oníṣòwò pákó mú igi díẹ̀ ní apá ojú ọ̀nà, kí wọ́n pín owó rẹ̀, kí ìpín tó pọ̀ jù sì lọ fún àbúrò yẹn. Kòkó tó ṣì dára ní éékà mẹ́jọ, wọ́n á máa ro ó. Éékà mẹ́rin apá odò, ẹnikẹ́ni ò ní gé igi níbẹ̀. Bàbá ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà, wọ́n sì gbin pèrègún yí éékà mẹ́rin náà ká kí ojú gbogbo ayé lè rí i pé ẹnì kan ló fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, Trinidad ti ẹnubodè rẹ̀ láti oṣù Kẹta ọdún 2020 títí di oṣù Keje ọdún 2021. Igbó tó ń jẹun lára àlejò ò rí àlejò. Wọ́n ti ilé àlejò Asa Wright pa, àwọn òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Mo ronú kan afinimọ̀nà wa. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ débi pé mo rò pé ìpè ti já. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ó dára tí àwọn ò pa kòkó yòókù tì. Owó kòkó ni àwọn fi ń san owó ọmọkùnrin tó ń bá àwọn rìn ààlà igbó.

Oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni mo tó débẹ̀ fúnra mi, pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n wá wò nígbà náà, tó ti ń sáré kiri. Bàbá ló ṣáájú wa, ọ̀pá lọ́wọ́. A gba inú kòkó kọjá. Pèrègún náà ti ga tó èjìká mi. Ẹnì kan ti gé méjì nínú rẹ̀ lóru, Bàbá sì ti tún méjì gbìn sí ojú ibẹ̀, ewé wọn ò tíì ju mẹ́ta-mẹ́ta lọ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ọmọ mi ń pariwo. Bàbá yíjú padà, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn sókè, bí ọmọkùnrin Arima yẹn ṣe máa ń gbé tirẹ̀, wọ́n sì dúró de ìgbà tí ọmọ náà dákẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí a wọlé.